Dublin, Ìlú Tó Rọ Ère fún Oníbéèsì

Nínú báǹdì, gìtá béèsì ni ohùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí, àfi ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀. Akọrin ni gbogbo ojú ń wò. Ẹni tó ń ta gìtá tó ń dún lókè ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Oníbéèsì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú okùn mẹ́rin tó nípọn, á máa ṣe iṣẹ́ tí gúdúgúdú ń ṣe láàárín àwọn dùndún: kì í fọhùn bí ìyá ìlù, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, eré tú nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jọ mí lójú nígbà tí mo gbọ́ pé ìlú kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó rọ ère fún oníbéèsì, tó sì gbé e sí àárín ìgboro níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í dá. Dublin, olú-ìlú Írẹ́láǹdì, ni ìlú náà. Phil Lynott, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Thin Lizzy, lẹni náà. Adúláwọ̀ sì ni. Mo ní dandan, n ó fi ojú mi rí ibi tó ti jáde, n ó sì rí ibi tó parí sí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo wà ní Manchester, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ìtàn ìyá ló bí ìtàn ọmọ. Philomena Lynott, ọmọ Dublin tó wá wá iṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ju ẹni ọdún 18 lọ nígbà tó bí Philip ní West Bromwich ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, ọdún 1949. Cecil Parris, bàbá ọmọ náà, wá láti Gùyánà, tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Láyé ọjọ́un, kí ọmọbìnrin òyìnbó tí kò lọ́kọ máa gbé ọmọ dúdú kiri ìgboro, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n wò ó tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n bú u, àwọn mìíràn ò jẹ́ kó rí yàrá gbà. Philomena ò gbé ọmọ rẹ̀ sọnù. Ó ṣiṣẹ́, ó forí tì í, nígbà tó sì yá, òun ló ń bójú tó hòtẹ́ẹ̀lì Clifton Grange ní àdúgbò Whalley Range ní Manchester, níbi tí àwọn olórin àti eléré máa ń wọ̀ sí. Mo rin àdúgbò náà já ní ọ̀sán ọjọ́ kan: ilé bíríkì ńláńlá, igi tó ti dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọmọ ilé ìwé tí àwọ̀ wọn ò jọra tí wọ́n jọ ń darí bọ̀ wálé. Mo rò ó pé irú títì báyìí ni Philomena ì bá fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà náà.

Kò ṣeé ṣe fún un láti tọ́ ọmọ níbi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ó fi Philip ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní Dublin nígbà tó ṣì kéré, Frank àti Sarah Lynott sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ìyá àgbà ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, nígbà tí ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó tàbí lókè òkun, tí owó ń wálé lóṣooṣù tí ojú ò sì ríra.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester lọ sí Holyhead, létí òkun ní Wales, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá níbẹ̀. Kí ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí má gbàgbé pé físà Bìrìtìkó ò lè gbé e wọ Írẹ́láǹdì. Tiwọn lọ́tọ̀ ni, kó sì gbà á lọ́wọ́ kó tó kúrò nílé. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta lórí omi. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n to àwọn tírélà àti mọ́tò sí. Lókè, àwọn awakọ̀ tírélà ń jẹun, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, atẹ́gùn ìta sì mú débi pé ènìyàn ò lè dúró pẹ́ nídìí irin. Láti ayé pípẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ Írẹ́láǹdì ti ń gba orí omi yìí lọ wá iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1971, Thin Lizzy náà kó ẹrù wọn kúrò ní Dublin, wọ́n gba London lọ. Bí olórin Írẹ́láǹdì bá fẹ́ kí ayé gbọ́ òun nígbà yẹn, àfi kó sọdá omi.

Crumlin wà ní gúúsù ìlú Dublin, bọ́ọ̀sì ìgboro ló gbé mi débẹ̀. Ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: ilé kéékèèké onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n so kọ́ra, ọgbà bíńtín níwájú, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà. Títì Leighlin ni Philip dàgbà sí. Ọmọ dúdú ò wọ́pọ̀ ní Dublin láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ibi yòówù tó bá gbà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró lórí títì náà, ohun tó yé mi ni pé kò dàgbà bí àlejò. Ó ní orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, ó ní ilé ìwé àwọn Christian Brothers tó ń lọ, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Crumlin ṣe ń sọ̀rọ̀. Títí tó fi kú, ọmọ Dublin ló ń pe ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jà á níyàn.

Orin ló kọ́kọ́ ń kọ, kì í ta ohunkóhun. Ó kọrin fún Black Eagles, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò, níbi tí òun àti Brian Downey, ọmọ Crumlin bíi tirẹ̀, ti jọ ṣeré. Ó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ fúngbà díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin Tonge and Taggart. Lẹ́yìn náà, Brush Shiels, tó ń ta béèsì, mú un wọ Skid Row, Gary Moore, ọ̀dọ́mọdé onígìtá láti Belfast, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọdún 1969, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun Lynott. Nígbà tó padà dé, Shiels ní kó máa lọ, ẹgbẹ́ á máa bá eré lọ láìsí i.

Bí ọ̀nà kan ò bá dí, òmíràn kì í là. Ọ̀rẹ́ ni Shiels àti Lynott, ohun tí Shiels ṣe sì ń dùn ún lọ́kàn. Ó wá lóun á kọ́ ọ ní béèsì. Ó ní gìtá béèsì Fender kan tó ti rà lọ́wọ́ Robert Ballagh, olórin tó fi orin sílẹ̀ tó di ayàwòrán. Ballagh yìí kan náà ló wá ya owó bébà Írẹ́láǹdì tí wọ́n ná kí owó Euro tó dé. Gìtá yẹn ni Shiels tà fún Lynott, ó sì jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ. Nǹkan bí ẹni 20 ọdún ni Lynott nígbà náà, ó ti lórúkọ díẹ̀ láàárín ìlú, síbẹ̀ ó gbà láti padà di ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé e. Mo ka èyí sí ohun tó tóbi jù nínú ìtàn rẹ̀. Ká ní ó fi ìbínú lọ ni, Thin Lizzy ì bá má sí.

Ohun tó kọ́ náà, kó máa ta béèsì kó sì máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, ò rọrùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ ní ìdọ́gba, ẹ fi ìka ta tábìlì kó bá ẹsẹ̀ mu, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ orin kan tí gbólóhùn rẹ̀ kì í bá ẹsẹ̀ balẹ̀ pọ̀. Kò ní pẹ́ tí ìka á fi máa tẹ̀lé ẹnu, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú. Ọwọ́ oníbéèsì ò gbọdọ̀ tẹ̀lé ẹnu. Ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ so mọ́, kí ẹnu máa rìn síbi tó wù ú. Lynott ń fi píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré kan, ta okùn béèsì rẹ̀, kì í fi ìka lásán, ìró rẹ̀ sì máa ń le, á máa já gaara láàárín ariwo gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa, kó wá àwo rẹ̀ tó jáde ní 1977 tí orin Dancing in the Moonlight wà nínú rẹ̀: béèsì ló ṣí ilẹ̀kùn orin náà, gbogbo ohun èlò tó kù ló wá bá a nínú ilé. Ìdí mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ fi balẹ̀ ni Brian Downey. Onílù àti oníbéèsì tó ti mọ ara wọn láti Crumlin ni wọ́n, wọ́n sì jọ wà nínú Thin Lizzy láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn. Oríṣiríṣi onígìtá wọlé, wọ́n tún jáde. Ìdí orin ò yẹ̀.

Ìparí ọdún 1969 ni Lynott, Downey, Eric Bell tó ń ta gìtá, àti Eric Wrixon dá Thin Lizzy sílẹ̀. Wrixon ò pẹ́ tó fi lọ. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca gbà wọ́n, àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1971, kò tà. Ohun tó wá gbé wọn jáde yani lẹ́nu. Lynott ti kọ orin kan tó ń jẹ́ Black Boys on the Corner, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ojú àwo wọn ní 1972. Whiskey in the Jar, orin ìbílẹ̀ Írẹ́láǹdì tí àwọn àgbà ń kọ nílé ọtí, ni wọ́n fẹ́ fi sí ẹ̀yìn. Wọ́n yí i padà. Orin ìbílẹ̀ bọ́ sí iwájú, ó gba ipò kìíní ní Írẹ́láǹdì, ó dé ipò 6 ní Bìrìtìkó ní 1973. Adúláwọ̀ ọmọ Crumlin ló mú orin àwọn baba ńlá Írẹ́láǹdì wọ inú gìtá iná, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Bell kúrò lójijì lóru ọjọ́ tí ọdún 1973 parí, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́ ní Belfast. Nígbà tó di 1974, Lynott mú onígìtá méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Scott Gorham láti Amẹ́ríkà àti Brian Robertson láti Scotland. Àwọn méjèèjì ń ta ohùn orin kan náà pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, béèsì Lynott sì gbé wọn dúró. Ní 1976, àwo Jailbreak jáde, orin The Boys Are Back in Town dé ipò 8 ní Bìrìtìkó, ó dé ipò 12 ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fẹ́ ṣí, àìsàn ẹ̀dọ̀ sì dá Lynott wólẹ̀. Wọ́n fagi lé ìrìnàjò eré náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún fẹ́ lọ, Robertson sì fi ọwọ́ gba ọgbẹ́ nínú ìjà, ìrìn náà tún bàjẹ́. Nílé ni wọ́n ti wá kore: àwo Live and Dangerous dé ipò kejì ní Bìrìtìkó ní 1978, Black Rose náà dé ipò kejì ní 1979.

Òpópónà Harry kò gùn rárá. Ó yà kúrò lára Grafton Street, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ olórin ti ń ṣeré gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Níwájú ilé ọtí Bruxelles ni Lynott dúró sí. Paul Daly ló rọ ère náà, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2005, níṣojú Philomena. Irun rẹ̀ wú dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gìtá béèsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Láàárín okùn béèsì náà ni àwọn tó wá kí i ti há píìkì sí: pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, òmíràn tí wọ́n fi yíǹkì kọ orúkọ sí, òmíràn tí ojú rẹ̀ ti jẹ nítorí pé wọ́n ti fi ta gìtá pẹ́. Àwọn olórin ló fi wọ́n síbẹ̀, kì í ṣe arìnrìn-àjò lásán. Ní 2013 àwọn kan ba ère náà jẹ́, ní 2017 ọkọ̀ kan kọ lù ú; nígbà méjèèjì ni wọ́n tún un ṣe tí wọ́n dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ lórí ìdúbúlẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo sọdá odò Liffey lọ sí òpópónà Moore, níbi tí ọjà àwọn aláwọ̀ dúdú wà. Mo rí gàrí, mo rí èlùbọ́, mo sì rí obìnrin Yorùbá kan tó ń to iṣu. Lẹ́yìn tí mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní: “Màmá, ṣé ẹ mọ Phil Lynott tí wọ́n rọ ère rẹ̀ sí ọ̀hún?”

“Ah, ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n,” ló wí. “Béèsì lòun náà ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó lóun á máa ṣe é mọ́ ìwé òun. Mo ní kò burú, kó ṣáà má fi oògùn ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ bíi tàwọn kan.”

Mi ò sọ fún un pé ó ti fi gbólóhùn kan sọ ìdajì ohun tí mo wá kà ní Dublin. Ọmọ rẹ̀ ń dàgbà ní ìlú tí àwọ̀ dúdú àti ohùn Dublin ti jọ ń gbé ẹnu kan náà. Lynott wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú kí èyí mọ́ àwọn ará ìlú lára.

Mo tún lọ sí Slane, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Meath, níhà àríwá Dublin. Ilé olódi kan wà níbẹ̀ lókè odò Boyne, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ń rí orí ìtàgé kedere. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 1981, wọ́n ṣe eré rọ́ọ̀kì ńlá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Thin Lizzy ni olórí eré lọ́jọ́ náà. U2, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ láti Dublin, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde ṣeré kí Thin Lizzy tó gun orí ìtàgé. Àwọn ẹgbẹ́ tó lókìkí jù láyé ti wá ṣeré ní Slane lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n oníbéèsì láti Crumlin ló ṣínà.

Lásìkò yẹn, oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní heroin ti wọ Lynott lára. Gorham náà wà nínú rẹ̀, àmọ́ òun rí ọ̀nà jáde, ó sì wà láyé láti ròyìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ náà, Lynott fúnra rẹ̀ ni àgbà. Òun ló ń kọ orin, òun ló ń san owó, òun ló ń pinnu. Ta ni ì bá sọ fún un pé ó tó? Thin Lizzy tú ká ní 1983. Ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Grand Slam, kò sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbà á. Ní 1985, òun àti Gary Moore jọ ṣe Out in the Fields, ó dé ipò 5 ní Bìrìtìkó, ó sì jọ pé ọ̀nà tún fẹ́ là. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn ló ṣubú lulẹ̀ nílé rẹ̀. Ó kú nílé ìwòsàn ní Salisbury ní ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, ọdún 1986. Ẹni ọdún 36 ni.

Ọkọ̀ ojú irin DART ni mo wọ̀ lọ sí Sutton, lẹ́bàá òkun, mo sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù dé itẹ́ òkú St Fintan. Òkúta pẹlẹbẹ ló wà lórí ibojì rẹ̀, èdè Gaelic ni wọ́n sì fi kọ àdúrà sí i pé kí Ọlọ́run fún ọkàn rẹ̀ nísinmi. Philomena lo ọdún 33 lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń wá tọ́jú ojú ibojì náà, títí tó fi kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 lẹ́ni ọdún 88. Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn orin méjì tí Lynott pè ní Sarah. Èkíní, ní 1972, fún ìyá àgbà tó tọ́ ọ ní Crumlin. Èkejì, ní 1979, fún ọmọbìnrin rẹ̀ àkọ́bí, tó sọ ní orúkọ ìyá àgbà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin tó ń lọ káàkiri ayé yìí ò gbàgbé ẹni tó fún un lóúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀dọ́ tó ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní báǹdì jùjú, tàbí ní yàrá rẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn. Kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kódà bó bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí. Fi etí sí onílù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé oògùn olóró bọ̀, yà fún un, torí ẹni tó lágbára jù ọ́ lọ ti bá a jà, kò là á.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwa tá a ń gbọ́ orin ni pé mo ní àwọn àwo jùjú nílé tí wọ́n ti dàgbà jù mí lọ, tí orúkọ oníbéèsì ò sí lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé wa jó láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀ ní gbogbo òde àríyá. Dublin ò ju àwọn ìlú wa lọ níwà; wọ́n kàn mọ orúkọ ẹni wọn ni. Ẹ béèrè ẹni tó ta béèsì nínú orin tí ẹ fẹ́ràn jù, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ṣì wà láàyè.